Ọlọ́pàá ní kí àbúrò mi fọwọ́ sí ìwé pé òun ò ní kọ pẹtíṣọ̀n mọ́. Ṣé kó fọwọ́ sí i?

Àdùkẹ́ Ìgbómìnà

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ yìí gùn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á, ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mi ò ti sùn dáadáa.

Ìlú wa wà ní gúúsù Kwara níbí, ilẹ̀ Ìgbómìnà, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ìlú ò tóbi, tí mo bá ti dárúkọ ẹ̀ báyìí ẹ ti mọ ilé wa nìyẹn. Àbúrò mi ọkùnrin ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n máa ń bá ará ìlú sáré tí wọ́n bá ti mú ọmọ wọn lọ sí tẹ́ṣàn. Ìyá ọmọ á sunkún wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á tẹ̀ lé e lọ, wọ́n á béèrè pé kí ló ṣe, ìgbà wo lẹ mú un, wọ́n á pe lọ́yà kan ní Ìlọrin tó máa ń dá wọn lóhùn lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Kì í ṣe NGO o. Kò sẹ́ni tó ń fún wọn ní kọ́bọ̀, dátà ara wọn ni wọ́n ń jó.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, wọ́n ń kó àwọn ọlọ́kadà lójoojúmọ́. Ara ògiri tẹ́ṣàn ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pé béèlì ọ̀fẹ́ ni, abẹ́ ìwé yẹn gan-an ni wọ́n ti ń ka owó. Àbúrò mi bá jókòó, ó kọ orúkọ ọlọ́kadà 11, iye tí kálukú san àti ọjọ́ tó san án, gbogbo wọn tẹ̀ka sí i, ó fi pẹtíṣọ̀n yẹn ránṣẹ́ sáwọn ọ̀gá wọn lókè, ó tún gbé e sórí Facebook. Ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ẹnì kan láti tẹ́ṣàn pè é pé kó yà lọ́dọ̀ àwọn, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni. Ó ti lọ ra ẹ̀yà fóònù ní Ìlọrin lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n wá sílé, wọn ò bá a, wọ́n bá gbé bàbá wa. Ẹni ọdún 71! Láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú ni wọ́n fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn káúńtà, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn sì wà nílé. Bí àbúrò mi ṣe gbọ́, ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló fi rìn lọ bá wọn. Wọ́n fi bàbá sílẹ̀, wọ́n ti òun mọ́lé. Oorun ọjọ́ mẹ́rin ló sùn síbẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún wọ́n gbé e lọ sí kóòtù ní Ìlọrin, bẹ́ẹ̀ kóòtù wà nítòsí wa níbí tí kò tó ogún ìṣẹ́jú lórí ọ̀kadà. Ẹ̀sùn mẹ́ta: pé ó bá àwọn kan gbìmọ̀ pọ̀, pé ó ba ọ̀gá kan lórúkọ jẹ́, pé ó fẹ́ da ìlú rú. Adájọ́ ní kó mú onídùúró méjì wá, kí ọ̀kan jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà ní lẹ́fẹ̀ẹ̀lì 10, kí èkejì ní ilé ní Ìlọrin pẹ̀lú ìwé ilé ọ̀hún lọ́wọ́. Ta la mọ̀ ní Ìlọrin? Ọjọ́ mẹ́fà ló lò lọ́gbà ẹ̀wọ̀n ká tó rí ẹni.

Látìgbà yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án la ti lọ tá a ti bọ̀. Lọ́jọ́ kan IPO (ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ náà) lọ kọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ kan adájọ́ lọ ṣèpàdé. Lọ́jọ́ kan fáìlì wà nínú yàrá kan, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ò wá síbi iṣẹ́. Nígbà mìíràn wọn ò tiẹ̀ sọ nǹkan kan, wọ́n á kàn dá ọjọ́ fún wa. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ò tíì sọ̀rọ̀. Owó mọ́tò èèyàn mẹ́ta lọ àti bọ̀, owó oúnjẹ onídùúró (ẹ ò lè ní kí èèyàn pa iṣẹ́ ẹ̀ tì torí yín kẹ́ ẹ má fún un ní nǹkan jẹ), owó lọ́yà. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé wọ́n gba fóònù ẹ̀ àti fóònù kọ́sítọ́mà mẹ́ta tó bá lórí tábìlì, wọ́n ní ẹ̀rí ni. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe! Ọ̀kan nínú àwọn kọ́sítọ́mà yẹn ti ń sọ ọ́ ká ọjà pé ó ta fóònù òun jẹ ni.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá, àgbàlagbà kan wá sílé wa pé ọ̀rọ̀ ti fẹ́ parí. Pé kó kọ̀wé pé òun tọrọ àforíjì, kó yọ ohun tó kọ sórí Facebook kúrò, kó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní tẹ́ṣàn pé òun ò ní kọ pẹtíṣọ̀n nípa wọn mọ́, òun ò sì ní kó èèyàn wá sí tẹ́ṣàn mọ́, wọ́n á fa ẹjọ́ sẹ́yìn. Bàbá wa ní kó fọwọ́ sí i, wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, inú ìlú kan náà la ó jọ máa gbé. Ìyá wa ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ń wò wá. Àbúrò mi ní òun ò ṣe. Àmọ́ ó ti rù, méjì nínú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ mẹ́rin yẹn ò sì gbé fóònù ẹ̀ mọ́.

Ẹ bá mi dá sí i. Ṣé kó fọwọ́ sí i? Tó bá fọwọ́ sí i, ṣé lóòótọ́ ló máa parí?

Ọmọ Ọ̀fà Ìjakadì

Àǹtí, kó fọwọ́ sí i jàre. Mi ò sọ pé ohun tí wọ́n ṣe dáa o, ṣùgbọ́n ta ló ń bá ọlọ́pàá jà tó jàre ní Nàìjíríà yìí? Àwọn ọmọ kéékèèké ni wọ́n kó lọ kóòtù ní Àbújá ní 1/11/2024 torí ìwọ́de oṣù kẹjọ, tí àwọn kan ń ṣubú lulẹ̀ nílé ẹjọ́ torí ebi àti àárẹ̀, ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ síjọba ni wọ́n kà sí wọn lẹ́sẹ̀. Ọmọdé o! Kó tún ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ṣe, kó máa jẹun. Àwọn ọlọ́kadà 11 tó torí ẹ̀ kọ̀wé, mélòó ló tẹ̀ lé e dé kóòtù?

Àdùkẹ́ Ìgbómìnà

Méjì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn kò sẹ́ni kankan mọ́.

Lọ́yà Tánkẹ̀

Ẹ kú ìrọ́jú àǹtí. Ìlọrin níbí ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ lọ́yà, mi ò rí fáìlì yín, torí náà ẹ fi ohun tí mo bá kọ han lọ́yà yín kẹ́ ẹ tó lò ó.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ lórí bàbá, torí ìyẹn ló bí mi nínú jù. Òfin ọlọ́pàá ọdún 2020, abala 36, sọ ọ́ ní kedere pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn. ACJA ọdún 2015 (òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn) ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní abala 7. Kò sí «bá wa mú bàbá ẹ̀ kó lè jáde» nínú òfin kankan. Bàbá fúnra wọn ní ẹjọ́ tiwọn lọ́tọ̀, ṣé ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀?

Ó kan oorun ọjọ́ mẹ́rin. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 35, ní tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n ti mú èèyàn, láàárín ọjọ́ kan ni kí wọ́n gbé e débẹ̀. Tí kò bá sí kóòtù nítòsí, ọjọ́ méjì, àfi tí kóòtù bá rí ìdí tó fi yẹ kó jù bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ogún ìṣẹ́jú lórí ọ̀kadà. Ṣé ọ̀kadà wá ń sá kìlómítà 40 ní ogún ìṣẹ́jú lọ́nà ìlú yín ni? Ọjọ́ kan ni tiyín. Kí wá nìdí tí wọ́n fi fo kóòtù yẹn dá, tí wọ́n gbé e wá sí Ìlọrin? Torí pé ọ̀nà jíjìn ń ná ni lówó, ìdí ẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ọgbọ́n tuntun. Èkó ni lọ́yà Dele Farotimi wà ní 3/12/2024 tí wọ́n fi wá gbé e lọ sí Adó-Èkìtì torí ẹ̀sùn ìbanilórúkọjẹ́, tí ẹni tó fẹ̀sùn kàn án sì fa ẹjọ́ sẹ́yìn ní oṣù kìíní 2025. Ìyẹn tiẹ̀ ní orúkọ, lọ́yà ń wọ́ tẹ̀ lé e lọ ni. Ẹ̀yin ńkọ́?

Nípa lílọ bíbọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án: lọ́yà yín lè dìde níwájú adájọ́ kó ní òun fẹ́ kí wọ́n da ẹjọ́ nù torí olùpẹ̀jọ́ ò ṣe tán. Adájọ́ lè gbà. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, dída ẹjọ́ nù yàtọ̀ sí pé wọ́n dá a sílẹ̀ pé kò jẹ̀bi. Wọ́n tún lè gbé e padà. Ọ̀nà kejì ni kí lọ́yà kọ̀wé sí Kọmíṣọ́nà ètò ìdájọ́ Kwara, abala 211 òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fún un lágbára láti gba ẹjọ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá kó sì pa á tì. Wọ́n máa ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó kàn máa ń pẹ́.

Ọ̀nà kẹta ni èmi fẹ́ràn jù. Abala 46 òfin kan náà: ẹ gba Háíkọ́ọ̀tù lọ pé wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ ẹ̀ lójú. Òfin ìlànà ẹ̀ ti 2009 ní kí wọ́n dá ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ láàárín ọjọ́ 7 tẹ́ ẹ bá ti fi ìwé sílẹ̀, kò sí pé ó ti pẹ́ jù, ẹlòmíràn tàbí ẹgbẹ́ sì lè pè é lórúkọ ẹ̀. Tí Háíkọ́ọ̀tù bá rí i pé wọ́n tì í mọ́lé lọ́nà àìtọ́, abala 35 ẹsẹ 6 ní kí wọ́n san owó gbà-má-bínú kí wọ́n sì tọrọ àforíjì ní gbangba. Ẹ rí i, ẹni tó yẹ kó kọ̀wé àforíjì kọ́ ni wọ́n ń bẹ̀ pé kó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún yín, Háíkọ́ọ̀tù ò ní torí ìyẹn dá ẹjọ́ tó wà níwájú májísíréètì dúró. Ọ̀nà méjì ni, ẹ máa rìn ín pọ̀. Tówó bá ń dà yín láàmú, ọ́fíìsì Legal Aid Council wà ní Ìlọrin, fún ẹni tówó oṣù ẹ̀ ò ju owó oṣù tó kéré jù lọ, ọ̀fẹ́ ni.

Ìwé àdéhùn yẹn wá: kò sí abala òfin kankan tó fún tẹ́ṣàn lágbára láti gba ẹ̀jẹ́ lẹ́nu èèyàn pé kò ní kọ̀wé mọ́. Ẹ̀tọ́ ẹ̀ láti sọ̀rọ̀ wà ní abala 39. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò dáadáa ni pé nínú ẹ̀sùn mẹ́ta yẹn, ìbanilórúkọjẹ́ nìkan ni olùfisùn lè sọ pé òun ti dárí jì. «Ó fẹ́ da ìlú rú», ti ìjọba ni. Ẹni tó wá sílé yín ò lè ṣèlérí ìyẹn. Ẹ̀ẹ́ ti fọwọ́ sí i tán pé ẹ jẹ̀bi, ẹjọ́ ṣì lè wà nílẹ̀.

Aláfẹ́ Gáà Àkàńbí

Lọ́yà, Facebook ló gbé e sí, kí ló dé tí wọn ò fi òfin cybercrime mú un? Ìyẹn ni wọ́n fi ń mú gbogbo èèyàn.

Lọ́yà Tánkẹ̀

Ẹ má ràn wọ́n létí 😂. Abala 24 òfin yẹn ni. Ní 2022 kóòtù ECOWAS ní ó lòdì sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, kí Nàìjíríà tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe ní 2024, ó wá ku pé kí ohun tí èèyàn kọ jẹ́ irọ́ tó mọ̀ pé irọ́ ni, kó sì jẹ́ pé ó fẹ́ fi da òfin àti ètò rú tàbí fi ẹ̀mí èèyàn sínú ewu. Owó ìtanràn ẹ̀ lè tó mílíọ̀nù 7 tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 3. Ẹni tó bá ní orúkọ 11 pẹ̀lú ìtẹ̀ka 11 lọ́wọ́, irọ́ ibo ni wọ́n fẹ́ fi hàn? Ìtẹ̀ka yẹn ni kẹ́ ẹ tọ́jú o àǹtí. Ẹ̀dà mélòó lẹ ní?

Bàbá Òkè-Ọdọ̀

Ẹ kú ìjíròrò ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti dàgbà, mo ti rí i lóríṣiríṣi. Nígbà ayé ológun, wọn kì í tiẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu lọ sí kóòtù. 1984, Decree 2, wọ́n á gbé ọ, ó di ìgbà tó bá wù wọ́n. Decree 4 ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fi ju akọ̀ròyìn méjì, Tunde Thompson àti Nduka Irabor, sẹ́wọ̀n ọdún kan. Lọ́yà Gani Fawehinmi, kí Ọlọ́run foríjì í, wọ́n gbé e títí tó fi jẹ́ pé tí ilẹ̀kùn bá dún lóru báàgì ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ nawọ́ sí, bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń sọ ọ́ nígbà yẹn.

Ti òde òní le jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú tèmi, ẹ jẹ́ n sọ ìdí ẹ̀. Nígbà yẹn gbogbo ayé mọ̀ pé ìjẹgàba ni. Báyìí, ìwé wà, nọ́ńbà ẹjọ́ wà, adájọ́ wọ aṣọ, lọ́yà tẹrí ba, gbogbo ẹ̀ dà bí òfin. Ẹni tó ń kọjá lọ á ní «ó ní ẹjọ́ ní kóòtù», ó tán, ọ̀daràn ni ní ojú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá a lẹ́bi, wọn ò sì ní dá a lẹ́bi láéláé, torí wọn ò fẹ́ dé ìdájọ́. Wọ́n fẹ́ kó máa wọ mọ́tò ni. Ìyà ọ̀hún ti wà nínú mọ́tò yẹn.

Ìlọrin níbí náà, àwọn akọ̀ròyìn méjì, Gidado Shuaib àti Alfred Olufemi, 2018 ni wọ́n gbé ìròyìn jáde nípa ilé iṣẹ́ kan, oṣù kejì 2023 ni májísíréètì dá wọn lẹ́bi ìgbìmọ̀pọ̀ àti ìbanilórúkọjẹ́, ẹ̀wọ̀n tàbí fáìnì. Ẹ ka ọdún tó wà láàárín ẹ̀. Àwọn olùkọ́ Unilorin 49 ńkọ́, àwọn tí wọ́n lé ní 2001 lẹ́yìn ìdaṣẹ́sílẹ̀ ASUU? Ó di 2009 kí Supreme Court tó ní kí wọ́n dá wọn padà. Mo mọ ẹni tó ń ta àwọn ìwé kíkà tó wà nílé ẹ̀ láàárín ọdún mẹ́jọ yẹn kó lè rówó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ san. Ó jàre, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́jọ ò padà.

Mi ò sọ pé kó fọwọ́ sí i o. Mi ò sì sọ pé kó má fọwọ́ sí i. Mo ní kẹ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń rà àti iye tẹ́ ẹ máa san.

Kòbomijẹ́

Ẹ tún gbàgbé oníṣẹ̀ṣe tí wọ́n gbé láti Ìbàdàn wá sí Ìlọrin ní 2023.

Aláfẹ́ Gáà Àkàńbí

Ẹ má fa ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wọ ibí jọ̀ọ́, ilẹ̀ á kún.

Kòbomijẹ́

Mi ò dárúkọ ẹ̀sìn kankan. Ọ̀nà jíjìn ni mò ń sọ. Ẹni tó bá kórìíra ohun tí onítọ̀hún sọ náà ṣì lè gbà pé bí wọ́n ṣe ń gbé èèyàn láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀ ò dáa. Mo ti dákẹ́.

Sájẹ́ǹtì Tó Ti Sinmi

Ẹ máa bú mi, kò burú. Mo wọ aṣọ dúdú yẹn fún ọdún 30 ó lé kí n tó fẹ̀yìn tì, ó sì yẹ kẹ́nì kan nínú ilé sọ bó ṣe rí.

Kì í ṣe gbogbo ìsúnsíwájú ló jẹ́ ète. Wọ́n á gbé IPO kúrò ní gúúsù Kwara lọ sí Sókótó, kò sẹ́ni tó ń fún un lówó mọ́tò láti wá jẹ́rìí, ẹjọ́ á sùn. Adájọ́ kan ṣoṣo, ẹjọ́ tó wà lọ́rùn ẹ̀ pọ̀ ju orí ẹ̀ lọ. Ìyẹn wà. Àmọ́ ti yín yìí, ẹ̀sùn mẹ́ta tí wọ́n kó jọ yẹn, mo mọ̀ ọ́n. A máa ń kọ ìgbìmọ̀pọ̀ sí i torí pé á jẹ́ ká lè mú ọ̀rẹ́ ẹ̀ nígbàkúùgbà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀rẹ́ méjì yẹn ò fi gbé fóònù. Kì í ṣe pé wọ́n burú, ẹnì kan ti pè wọ́n. Ẹ bi wọ́n.

Ìwé àdéhùn, èmi náà ti fún èèyàn kọ nígbà ayé mi, kí Ọlọ́run foríjì mí. Inú dúróà la máa ń tọ́jú ẹ̀ sí. Ẹjọ́ á kúrò ní kóòtù lóòótọ́, àmọ́ ìwé yẹn ò ní kúrò ní dúróà. DPO (ọ̀gá tẹ́ṣàn) tuntun á dé, wọ́n á fi hàn án.

Ohun tí mo lè fi ràn yín lọ́wọ́ ni ti fóònù kọ́sítọ́mà. Ẹ má bẹ IPO mọ́. Kí àwọn tó ni fóònù mú risíìtì tàbí páálí ẹ̀ wá, kí lọ́yà kọ̀wé sí kóòtù pé kí wọ́n dá fóònù padà fún ẹni tó ni ín, kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀ sínú fáìlì. Wọ́n máa ń gbà á, torí fóònù àwọn yẹn ò jẹ́rìí kankan. Ìyẹn á kọ́kọ́ pa ẹnu ọjà mọ́. Ohun kejì, ní gbogbo ọjọ́ tẹ́ ẹ bá lọ, kí lọ́yà ní kí adájọ́ kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀ pé ẹ wá, ẹ ti ṣe tán, olùpẹ̀jọ́ ni ò ṣe tán. Ohun tí ò bá sí nínú ìwé adájọ́, kò ṣẹlẹ̀. Ìwé nìkan ni ọlọ́pàá ń bẹ̀rù, ẹ gbà mí gbọ́, ìwé tó ní déètì.

Ọmọ Ọ̀fà Ìjakadì

Bàbá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ òótọ́. Ó ṣọ̀wọ́n.

Màmá Wúràọlá

Mi ò fẹ́ kọ nǹkan kan síbí, ìgbà tí mo rí «dúróà» ni mo jókòó.

Èmi fọwọ́ sí i. Ó ti lé ní ọdún márùn-ún. Obìnrin kan tó ń bá wa ta ọjà ló bímọ sínú ilé ìwòsàn kan, owó ò tó, wọn ò jẹ́ kó lọ sílé, ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ń sùn sórí àkéte pẹ̀lú ọmọ jòjòló. Èmi ni mo kó àwọn obìnrin ọjà lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà wọn, obìnrin bí ogún, a ò fọ́ nǹkan kan, orin la kọ. Wọ́n tú obìnrin náà sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ kejì wọ́n wá mú èmi. Ọkọ mi bẹ̀bẹ̀ títí, wọ́n ní kí n fọwọ́ sí ìwé pé mi ò ní ṣagbátẹrù ìpéjọpọ̀ kankan mọ́. Mo ń fún ọmọ lọ́mú lọ́wọ́ nígbà yẹn. Mo fọwọ́ sí i, mo lọ sílé, ó parí, àbí bẹ́ẹ̀ ni mo rò.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀dọ́ kan jó táyà lójú ọ̀nà torí iná. Mi ò sí níbẹ̀, mi ò mọ̀ wọ́n. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ wá gbé. Wọ́n na ìwé yẹn sí mi, ṣé ìwọ kọ́ lo ní o ò ní kó èèyàn jọ mọ́? Nígbà ìbò, wọ́n pè mí. Nígbà tí ọjà jóná, wọ́n pè mí pé ṣé mo gbọ́ nǹkan. Mo wá di ẹni tí wọ́n ń pè. Gbogbo ẹ̀, mi ò sùn níbẹ̀ rí lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni ò nà mí, ṣùgbọ́n tí nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ bá pè mí títí dòní ọwọ́ mi á máa gbọ̀n. Ọdún tó kọjá wọ́n tún dá obìnrin mìíràn dúró ní ilé ìwòsàn yẹn kan náà. Wọ́n wá bá mi. Mo ní orí ń fọ́ mi.

Àǹtí, mi ò ní bá yín wí tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí i. Mo kàn sọ tèmi ni.

Aláfẹ́ Gáà Àkàńbí

Màmá Wúrà, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an ni.

Lọ́yà Tánkẹ̀

Mà, ẹ ṣe inbọ́ọ̀sì mi jọ̀ọ́. Ìwé tẹ́ ẹ fọwọ́ sí nígbà tẹ́ ẹ wà ní àtìmọ́lé láìsí lọ́yà, ó yẹ ká ta kò ó ní Háíkọ́ọ̀tù. Mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé kò sí pé ó ti pẹ́ jù.

Àdùkẹ́ Ìgbómìnà

Ẹ ṣeun o gbogbo yín. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún àwọn ará ilé lálẹ́ àná, lóhùn rara, àbúrò mi ń tan fóònù fún mi torí iná ò sí. Nígbà tí mo dé ibi tí Màmá Wúràọlá ti ní «orí ń fọ́ mi», ìyá wa dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé àpò ìrẹsì kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìwé ìtẹ̀ka yẹn ló wà nínú ẹ̀! Ojúlówó. Àṣé lọ́jọ́ tí wọ́n wá mú bàbá ni wọ́n ti sáré lọ tọ́jú ẹ̀, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni, a ti rò pé ọlọ́pàá kó o lọ. Mo ti ya fọ́tò ẹ̀, mo ti fi ránṣẹ́ sí lọ́yà wa àti sí ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà.

Bàbá ṣì ń kùn. Wọ́n ní àgbàlagbà tó wá sílé yẹn ò ní kí àwọn mọ́ ní mọ́ṣáláṣí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ti abala 36 fún wọn, pé àwọn gan-an lè pe ẹjọ́ lọ́tọ̀, wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n béèrè pé ṣé wọ́n á dárúkọ àwọn nínú ìwé náà pé «bàbá ẹ̀» ni, àbí orúkọ àwọn gan-an. Mo ní orúkọ yín gan-an ni. Wọ́n ní ó dáa.

Kò ní fọwọ́ sí i. Àbúrò mi lọ bá ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ tó sá yẹn láàárọ̀ yìí, lóòótọ́ ni sájẹ́ǹtì sọ, ẹnì kan ti pè é lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì. Ó sunkún fún un. Kò ṣèlérí pé òun á padà o, àmọ́ ó ní tí kóòtù bá ní kí òun wá sọ pé wọ́n pe òun, òun á wá.

Ìbéèrè kan ló kù. Ọkùnrin tó dúró fún un nípa ilé ní Ìlọrin ti ń rẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ yọwọ́. Ìyá wa ní ilẹ̀ kan tí wọ́n jogún, ìwé wà. Ṣé obìnrin lè dúró fún èèyàn? Ní tẹ́ṣàn wọ́n ní kò ṣe é ṣe.

Lọ́yà Tánkẹ̀

Ó ṣe é ṣe. ACJA sọ ọ́ ní abala 167 pé wọn ò gbọ́dọ̀ torí pé èèyàn jẹ́ obìnrin kọ̀ ọ́. Ti pé ilẹ̀ náà ò sí ní Ìlọrin ni lọ́yà yín máa ní láti bá adájọ́ sọ, kó yí àdéhùn béèlì padà. Kí màmá mú ìwé ilẹ̀ náà àti fọ́tò pásípọ́ọ̀tù dání. Ìgbà wo lẹ padà sí kóòtù?

Àdùkẹ́ Ìgbómìnà

Túsìdeè tó ń bọ̀, aago 9. Ìkẹwàá nìyẹn. Àwa márùn-ún là ń bọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, bàbá ti ní kí n lọ aṣọ fún àwọn.

Ọmọ Ọ̀fà Ìjakadì

Àǹtí, èmi tí mo ní kó fọwọ́ sí i yẹn, Ìlọrin ni mò ń gbé báyìí. Gáréèjì Ọ̀fà lẹ máa bọ́ sí àbí? Ẹ pè mí tẹ́ ẹ bá ti kọjá Àjàṣẹ́, màá gbé mọ́tò wá pàdé yín. Ẹ má ra oúnjẹ lọ́nà, ìyàwó mi á gbé ẹ̀wà dání.